Èruwà nínú ọgbà ilé: bí ọ̀rọ̀ ilé kan ní Ọ̀yọ́ ṣe lọ

Ilé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé wà ní ẹ̀yìn ìlú Ọ̀yọ́, lápá ọ̀nà Ìsẹ́yìn, níbi tí ilé tuntun ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ oko. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti tàn ká Ìbàdàn, Èkó àti òkè òkun. Bàbá àti Màmá ni mò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè wọ́n níhìn-ín. Ọgbà ilé ni èmi ń bá àwọn èèyàn ṣe.

Kì í ṣe nítorí ẹwà ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí. Ilẹ̀ ilé náà dà gẹ̀rẹ́ láti ẹnu géètì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ pupa tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ sì ni. Omi tó ń ṣàn bọ̀ láti títì ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, ó sì ti gbẹ́ ìdí fẹ́ǹsì ẹ̀yìn títí a fi ń rí ìsàlẹ̀ bílọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Bàbá ti da òkúta síbẹ̀, ó ti to àpò yanrìn síbẹ̀, omi kàn ń yà gba ibòmíràn ni.

Ọmọ tó wà lókè òkun ti kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbin kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì sí gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni koríko yẹn ti wá, ibi tó ní ọ̀rinrin ló fẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì jìn. Òjò wa níhìn-ín tó bíi 1,200 mílímítà lọ́dún, ṣùgbọ́n láàárín oṣù kẹta tàbí ìkẹrin sí oṣù kẹwàá ni gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ń rọ̀ tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ọyẹ́ ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ kí kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì tutù yọ̀yọ̀ ní oṣù kìíní, àfi kó máa tan jẹnẹrétọ̀ fa omi fún un lójoojúmọ́. Nígbà tí owó epo gun òkè, Màmá ní omi tí òun fẹ́ fi fọ aṣọ kò ní lọ sára koríko. Koríko náà gbẹ, ilẹ̀ sì tún yọ síta fún àgbàrá.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ èruwà wá. Ó ní, "Ọmọ mi, ọdọọdún ni mò ń rí èruwà lẹ́bàá ọ̀nà. Ta ní ń bomi rin ín?"

Kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín. Koríko ilẹ̀ wa ni. Andropogon gayanus ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, gàmbá sì ni lẹ́nu àwọn Haúsá. Kì í rìn lábẹ́ ilẹ̀ bí èkan. Ojú kan ló ń dúró sí, tí yóò máa yọ ọmọ sí ìdí ara rẹ̀ títí yóò fi di ṣùṣù ńlá. Bí gbogbo ewé rẹ̀ bá gbẹ lọ́yẹ́, ìdí rẹ̀ wà láàyè. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń jí i. Oríṣi gbòǹgbò mẹ́ta ló ní: àwọn tín-ín-rín tó tẹ́ káàkiri lókè láti gba òjò kékeré, àwọn tó sanra nítòsí ìdí tó ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́, àti àwọn tó ń lọ tààrà sísàlẹ̀ láti wá ọ̀rinrin tí ọkọ́ kankan kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tó ń ṣí lọ nílò.

Kí n tó dé, Bàbá ti dán an wò. Ó gé orí èruwà ní oṣù kejìlá, ó kó o sínú àpò, ó sì fọ́n ọn sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà nígbà tí òjò oṣù kẹrin rọ̀. Ohun tó hù kò tó nǹkan. Mo ní kí ó mú èyí tó kù nínú àpò wá. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á: irun fúyẹ́fúyẹ́ ń fò lọ, ìwọ̀nba hóró tó le ló kù sí mi lọ́wọ́. Bí èruwà ṣe rí nìyẹn. Púpọ̀ nínú ohun tó dà bí irúgbìn lórí rẹ̀, òfìfo ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbin hóró gbọ́dọ̀ ra á wò báyìí kó tó gbé e lọ sóko, kó sì ti jẹ́ kó sinmi fún oṣù mélòó kan, nítorí hóró tuntun máa ń sùn. Ti ìsinmi yìí, Bàbá ṣe é láìmọ̀.

Ibi tó fọ́n ọn sí ló fa wàhálà. Òjò ńlá àkọ́kọ́ gbá èyí tó pọ̀ jù lọ sí ìdí fẹ́ǹsì, èèrà sì kó nínú ìyókù. Èyí tó sì ráyè hù, òun àti eéran àti gbégi ló jọ ń hù. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ewé tín-ín-rín méjì-mẹ́ta ni gbogbo wọn, ta ló fẹ́ dá wọn mọ̀ yàtọ̀? Bàbá tu gbogbo rẹ̀ dànù pọ̀.

Mo ní kí a pa ti hóró tì, kí a lọ hú ṣùṣù. Oko ẹ̀gbọ́n Bàbá kan ló wà tí wọ́n ti fi sílẹ̀ kó sinmi, ibẹ̀ la ti hú u pẹ̀lú àṣẹ onílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká máa tọrọ àyè. Inú Old Oyo National Park ńkọ́? Òfin kò gbà kí a hú ewéko jáde níbẹ̀.

Oṣù kẹfà ni, òjò ti fìdí múlẹ̀. A gé ewé ṣùṣù kọ̀ọ̀kan lulẹ̀ títí ó fi ku nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 30, a fi ṣọ́bìrì hú u tòun ti erùpẹ̀, a wá fi àdá là á sí wẹ́wẹ́, kí ọmọ mẹ́ta sí márùn-ún wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀. A dì wọ́n sínú àpò ìdọ̀họ tí a ti rẹ sómi. Kí a tó gbin èyíkéyìí, mo ní kí wọ́n fọ ìdí rẹ̀ nínú garawa, nítorí èkan fẹ́ràn láti sá pamọ́ sínú ṣùṣù ẹlòmíràn. Kò ṣòro láti mọ̀: gbòǹgbò èkan funfun, ó ní oríkèé, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé ó ń gún iṣu já. Inú ìdí méjì la ti rí i lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá gbin irú rẹ̀ sọ́gbà oníbàárà ti gbin ẹjọ́.

Ìgbà tí a ń là á ni Màmá kọjá pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó dúró, ó wò wá, ó ní, "Ṣebí bí a ṣe ń pín koríko ọba náà nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n tún sanwó fún mi lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún wa lẹ́yìn náà ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ.

A gbìn ín ní ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ìlà lórí ìlà, kí ṣùṣù ìlà kejì bọ́ sí àlàfo ìlà kìíní, kí omi má baà rí ọ̀nà tààrà gbà. Nǹkan bíi ààbọ̀ mítà ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní ìdí fẹ́ǹsì níbi tí omi máa ń dúró sí, èruwà kọ́ la gbìn. Koríko vetiver ilẹ̀ wa ni, Chrysopogon nigritanus, èyí tó máa ń hù ní àbàtà àti bèbè odò. Vetiver tí wọ́n ń tà káàkiri fún dídá àgbàrá dúró, Íńdíà ni tiẹ̀ ti wá, ó sì dára, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọmọ ilé wà ní bèbè odò kò sí ìdí láti ra àlejò.

Àjílẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Èruwà tó bá jẹ àjẹyó a ga lápọ̀jù, a sì máa ṣubú lulẹ̀. Ìdálẹ́kun òjò oṣù kẹjọ pa díẹ̀, pàápàá àwọn tó pẹ́ nílẹ̀ nínú oòrùn kí wọ́n tó wọlẹ̀. A fi òmíràn dípò wọn, ọ̀rọ̀ ti ọdún àkọ́kọ́ sì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá wá wò ó lákòókò yẹn, ìdí koríko gẹ́gẹ́ẹ́gẹ́ lórí ilẹ̀ pupa ni yóò rí. Ọdún àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ ni koríko yìí ń kọ́. Oníbàárà tí kò bá mọ̀ yóò rò pé wọ́n lu òun ní jìbìtì.

Ọdún kejì ló ga. Nígbà tó di oṣù kẹwàá tó ń yọ orí, ó ti ga ju èèyàn lọ, atẹ́gùn sì ń fì í síwá sẹ́yìn. Ojú mi rí ohun tó wù mí. Ojú àdúgbò rí nǹkan mìíràn. Wọ́n ní ilé Tíṣà ti di igbó. Ẹnìkan ní ejò ni yóò máa sá pamọ́ síbẹ̀, ẹlòmíràn ní bóyá owó ti tán lọ́wọ́ wọn. Alága àdúgbò wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó jókòó, ó mu omi, kó tó sọ pé àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀.

Bàbá dá a lóhùn pẹ̀lú ìtàn. Ó rán an létí pé koríko ni ìlú Ọ̀yọ́ fi ń bo ilé kí páànù tó dé, pé bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin gan-an, àti pé ọdún Bẹẹrẹ ni àwọn ìlú fi ń ru koríko náà wá fún Aláàfin. Alága gbà pé òótọ́ ni. Kò yí ọkàn rẹ̀ padà. Mo sọ èyí nítorí pé àwa tó ń gbin ewéko ilẹ̀ wa a máa gbójú lé ìtàn jù. Ẹni tó ń bẹ̀rù ejò kì í fi ìtàn ààfin gbàgbé ejò.

Oṣù kọkànlá, ọmọ wọn obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Kánópì yóò wà lápá òsì ilé, Màmá sì pe alágbàṣe kan pé kó ro ibẹ̀. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló fi ọkọ́ wú gbogbo ṣùṣù apá òsì láti ìdí, ó gbọn erùpẹ̀ ara wọn dànù, ó sì tò wọ́n sẹ́bàá géètì kí oòrùn lè gbẹ wọ́n dáadáa. Apá ọ̀tún kò kàn án. Nígbà tí Bàbá dé láti ìpàdé, tó sì pariwo, ohun tí alágbàṣe náà sọ kò ju èyí lọ: "Ẹ má bínú, sà. Koríko ni mo rí."

Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n pè é fún ló ṣe, kò sì sí ohunkóhun lórí ilẹ̀ náà tó lè sọ fún un pé èyí yàtọ̀ sí koríko tí gbogbo ayé ń ro. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọgbà yìí ti yí padà nìyẹn, nítorí láti ìgbà náà ni kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ gbòǹgbò àti òjò mọ́.

Ìgbéyàwó lọ dáadáa. Òjò oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e wá rọ̀, èyí tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìjì, Bàbá sì pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé kí n wá wo nǹkan. Ìhà méjì ilẹ̀ kan náà ni: òjò kan náà, omi títì kan náà. Lápá òsì, àgbàrá ti ya ojú ọ̀nà tuntun tí ẹsẹ̀ èèyàn lè wọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ti kó òkúta wẹ́wẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ fẹ́ǹsì. Lápá ọ̀tún, ẹ̀yìn ṣùṣù kọ̀ọ̀kan, lápá òkè, ni erùpẹ̀ ti kó jọ: yanrìn dáradára, ewé gbígbẹ, ìdérí ìgò, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Omi ti kọjá níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ. Màmá dúró láàárín méjèèjì, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ó ní kí n padà wá gbin ti òsì, owó ọwọ́ òun ni òun yóò fi san án.

Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní a kò ní gbìn ín bí ti àkọ́kọ́. Bí ọgbà náà bá rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ọkọ́ mìíràn ń bọ̀, bó pẹ́ bó yá. Ohun tó yẹ kí a gbìn lọ́tẹ̀ yìí ni àmì pé èèyàn ló wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Màmá nípa koríko ọba ló padà sí mi lọ́kàn. Koríko ọba kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ àwọn ará Éṣíà ló ti wá, ṣùgbọ́n kò sí alágbàṣe ní Ọ̀yọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Ewé tí wọ́n ń sè mu fún ibà ni. Kò sẹ́ni tó ń ro ó dànù nínú ilé ẹlòmíràn. A fi í ṣe ìgbátí gbogbo ọgbà náà, ìlà kan ṣoṣo, lẹ́bàá ibi tí èèyàn ń gbà kọjá. Ẹni tó bá mú ọkọ́ bọ̀ yóò kọ́kọ́ bá koríko ọba pàdé, ọkàn rẹ̀ yóò sì sọ fún un pé ẹnìkan ló gbin ibí yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú iṣẹ́ wa yóò ní a ti da àlejò mọ́ ọmọ ilé. Ọgbà tó mọ́ láìlábùlà tí wọ́n hú dànù kò dá àgbàrá kankan dúró.

A to òkúta sí etí rẹ̀, a sì la ọ̀nà tóóró kan tí èèyàn lè rìn gba àárín rẹ̀ kọjá. Níwájú ilé, a kò dá èruwà padà síbẹ̀ mọ́. Ó ga jù fún ojú fèrèsé. Sporobolus pyramidalis la gbìn síbẹ̀, koríko líle tó máa ń wà lẹ́bàá títì níbi tí ilẹ̀ ti ki, tí orí rẹ̀ dà bí ìrù èkúté. Ewé rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, òun náà sì ń hù ní ṣùṣù, kò bìkítà fún ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ní ti ejò, a ń gbá ilẹ̀ àárín àwọn ṣùṣù mọ́ kí ojú lè rí i. Alága àdúgbò tún wá lẹ́yìn gbogbo èyí. Ó béèrè pé èwo nínú wọn ni ti ibà, ó gé díẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ igbó kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Iná ni ohun tí n kò gbọdọ̀ fò kọjá. Ewé èruwà gbígbẹ nínú ọyẹ́, bí ìgbà tí epo wà nílẹ̀ ni. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní tí àwọn ọdẹ àti darandaran ń finá sí igbó, ṣùṣù tó ga ju èèyàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe nǹkan eré. Ní ilé yìí, a fi àlàfo tó gbòòrò sílẹ̀ láàárín èruwà àti ilé àti jẹnẹrétọ̀, a sì ń fi dòjé gé gbogbo rẹ̀ ní kété tí ewé bá ti ń pọ́n, kí ó ku nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 20 sílẹ̀. Ẹ má gé e kanlẹ̀, nítorí ìdí yẹn ni ọmọ tuntun yóò ti yọ. Ohun tí wọ́n gé, Màmá fi bo ilé adìẹ, ó fi ìyókù bo ebè ẹ̀fọ́. Igbó lè fara da iná, èruwà pàápàá lè fara da á, àmọ́ àdúgbò kò lè fara da á.

Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun máa ń béèrè bóyá wọ́n lè fi hóró rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn. Rárá o. Ní àríwá Ọsirélíà, èruwà kan náà yìí tí wọ́n kó lọ láti Áfíríkà fún màlúù ti sá wọ igbó wọn, iná tó ń dá sílẹ̀ sì gbóná ju èyí tí igi ilẹ̀ wọn lè gbà lọ. Wọ́n ti kà á sí èpò lábẹ́ òfin. Ohun tó jẹ́ ọmọ ilé ní Ọ̀yọ́ lè di ọ̀tá níbòmíràn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùṣù ni kí ẹ gbìn sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí hóró wà fún ilẹ̀ tó tẹ́jú tí ẹ lè máa tọ́jú. Oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni àkókò rẹ̀ lágbègbè wa. Èyí tí ẹ bá gbìn lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, ọyẹ́ yóò bá a láìtíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ gbin ti ìgbátí lọ́jọ́ kan náà tí ẹ gbin àárín. Mo rí àwọn tó ń sọ pé àwọn yóò padà wá ṣe ìgbátí nígbà tí koríko bá ti dàgbà. Ọkọ́ máa ń ṣáájú wọn dé.

Ìwé àdéhùn náà ti yí padà lọ́dọ̀ mi. Owó ìtọ́jú ọdún kejì wà nínú rẹ̀ báyìí, nítorí ọdún kejì ni gbogbo ìjà ń ṣẹlẹ̀, mo sì máa ń ní kí onílé fi ẹni tó ń bá wọn ro ilẹ̀ hàn mí kí n tó gbin ohunkóhun. Èmi àti ẹni náà yóò jọ rìn yí ilẹ̀ ká, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì bá mi là lára àwọn ṣùṣù. Alágbàṣe tó hú apá òsì ilé Bàbá ló wá bá wa gbìn ín padà. Òun náà ló ń fi dòjé gé e lọ́dọọdún.

Aládùúgbò kan tí fẹ́ǹsì tirẹ̀ náà ti ń fì ti ń béèrè ṣùṣù lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n ní kó dúró di oṣù kẹfà, kí èyí tó wà nílẹ̀ tóbi tó là. Ó ní ṣé koríko náà ni wọ́n tún fẹ́ gba owó lé. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni.